Ọwọ́ Tó To Ọkọ̀, Ọwọ́ Tó Yí I Padà: Ìtàn Iṣẹ́ Ọkọ̀ Ní Àpápá

Kí Volkswagen tó kọ́lé sí Ọ̀jọ́, kí Peugeot tó dé Kàdúná, Àpápá ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ, Federated Motor Industries, ẹ̀ka kan lára ilé iṣẹ́ òwò UAC, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀yà ara lọ́rì Bedford wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń so wọ́n pọ̀ di odindi ọkọ̀ létí èbúté. Ibẹ̀ ni ìtàn iṣẹ́ ọkọ̀ títò ní orílẹ̀-èdè wa ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Kàdúná àti Ọ̀jọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu àwọn èèyàn.

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kankan láyé kò lè sá fún. Kí ni a ó máa ṣe fúnra wa? Kí ni a ó máa rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ta ló láṣẹ láti yí bátànì ọkọ̀ padà nígbà tí ọ̀nà tàbí oníbàárà bá béèrè ìyípadà? Ìdáhùn tí àwọn tó wà ní Àpápá fún ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ṣe atọ́nà ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí fi sọ́kàn, ni pé ohun tí a bá fọwọ́ ara wa ṣe nìkan ni a lè yí padà. Ohun tí a bá kàn so pọ̀, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni àṣẹ rẹ̀ máa ń wà.

Ilẹ̀ náà àti àwọn èèyàn rẹ̀

Ilẹ̀ Àpápá ti ní ìtàn kí ilé iṣẹ́ tó dé ibẹ̀. Ìdílé Olúwa ló ń ṣàkóso rẹ̀ kí ìjọba amúnisìn tó gbà á fún iṣẹ́ ìlú ní 1913. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tó wà lórí oyè Olúwa, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ajìjàgbara Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní 1921 ni Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, dá ẹjọ́ pé àwùjọ ló ni ilẹ̀, àti pé owó gbà-má-bínú tó péye tọ́ sí wọn.

Wọ́ọ̀fù Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926, ojú irin sì dé ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, LEDB, ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe, kún àbàtà Àpápá, ó sì pín in fún ilé iṣẹ́, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé gbígbé. Bí èèyàn bá gba Wharf Road, Creek Road tàbí Warehouse Road kọjá, ètò ìgbà náà ni yóò ṣì rí. Ẹni tó bá fẹ́ to ọkọ̀ pọ̀ kò lè rí ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àpótí tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun lówùúrọ̀ lè wà níwájú òṣìṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lódìkejì Àpápá, Ajégúnlẹ̀ ń kún sí i. Àwọn Ìlàjẹ, Ùròbò, Ìjọ̀, Ìgbò, Haúsá àti àwọn Yorùbá láti oríṣiríṣi ìlú gba yàrá níbẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ wà ní wọ́ọ̀fù àti ní àwọn ilé iṣẹ́ Àpápá, ẹsẹ̀ sì lè gbé èèyàn débẹ̀. Àpápá ní ẹ̀rọ àti owó, Ajégúnlẹ̀ ní òṣìṣẹ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá kọ ìtàn ọ̀kan láìkọ ti èkejì, ìdajì ìtàn ló kọ.

Ìdí tí oníṣòwò fi di ẹni tó ń to ọkọ̀

Ní 1929 ni wọ́n dá UAC sílẹ̀, nígbà tí Niger Company àti African and Eastern Trade Corporation para pọ̀ lábẹ́ agbo tó di Unilever. Òwò ni iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: ó ń ra kòkó, epo pupa àti ẹ̀pà, ó ń ta aṣọ, iyọ̀, irin àti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọdún 1950 fi máa dé, ilẹ̀ òwò náà ti ń yí padà. Ìgbìmọ̀ ìjọba ló ti ń ra irè oko, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa àti àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù sì ti ń gba ọjà títà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. UAC pinnu láti fi ọjà wẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó dojú kọ iṣẹ́ tó gba ẹ̀rọ àti ìmọ̀: ọtí pípọn, ilé ìtajà ńlá bíi Kingsway, ẹ̀rọ títà àti títúnṣe, àti ọkọ̀.

Ìjọba náà ń fa irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Òfin 1952 fún àwọn ilé iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé ní ìsinmi lórí owó orí, òfin 1957 sì jẹ́ kí wọ́n rí ìdẹ̀kùn lórí owó ibodè ohun èlò tí wọ́n bá kó wọlé. Òmìnira ti ń bọ̀, gbogbo olóṣèlú ló sì ń fẹ́ kí ilé iṣẹ́ máa rú èéfín ní àgbègbè òun. Ilé iṣẹ́ tó ń kó odindi ọkọ̀ wọlé rí i pé bí òun kò bá to ọkọ̀ nílé, ẹlòmíràn yóò tò ó, yóò sì gba ọjà mọ́ òun lọ́wọ́.

Ìṣirò èbúté wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ òkun máa ń gba owó lórí ààyè tí ẹrù gbà. Lọ́rì tó ti parí ń gba ààyè tó pọ̀, òfìfo ló sì pọ̀ jù nínú ààyè náà: inú ilé awakọ̀, abẹ́ ṣásí, àárín táyà. Bí wọ́n bá tú u palẹ̀, tí wọ́n kó irin gígùn rẹ̀ lé ara wọn, tí ẹ́ńjìnnì wà nínú àpótí tirẹ̀, ọ̀pọ̀ lọ́rì yóò wọ ààyè tí díẹ̀ ì bá gbà. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní CKD títí dòní nìyẹn, ọkọ̀ tí wọ́n tú pátápátá kí wọ́n tó kó o sọ́kọ̀ òkun.

Bedford tí wọ́n yàn kì í ṣe ọjà tuntun ní ilẹ̀ wa. General Motors ti Amẹ́ríkà ti ra Vauxhall ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1925, Vauxhall sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta lọ́rì lórúkọ Bedford ní 1931. Luton àti Dunstable ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó fúyẹ́, kò wọ́n jù, mẹ́káníìkì tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ sì lè tú u kí ó tún un tò. Àwọn mẹ́káníìkì bẹ́ẹ̀ sì ti wà l'Ékòó tipẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni W. A. Dáwódù ti ń ta ọkọ̀, tó ń tún un ṣe, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́.

Nínú ilé iṣẹ́ bí ti Àpápá, iṣẹ́ ọjọ́ kan ní ètò tirẹ̀. Wọ́n á ṣí àpótí, wọ́n á ka ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan mọ́ ìwé tó bá a wá. Wọ́n á gbé irin gígùn méjì kalẹ̀, wọ́n á fi irin ìdábùú so wọ́n pọ̀. Sípíríìngì ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ irin tó di táyà méjì mú, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ́ńjìnnì àti gíáàbọ́ọ̀sì. Wọ́n á to ilé awakọ̀, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fa wáyà, wọ́n á da epo sí i, wọ́n á wà á wò. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé àkókò, bí wọ́n ṣe ń fi ojú wá àbùkù kí ọkọ̀ tó jáde.

Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ilé ìyọ́rin tí a ti ń da ẹ́ńjìnnì, àti ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ irin pẹlẹbẹ di ilẹ̀kùn àti bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Owó ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àfi kí ilé iṣẹ́ tẹ irin kan náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà kó tó rí owó rẹ̀ gbà padà, ọjà ilẹ̀ wa nígbà náà kò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìpinnu láti má ṣe wọ́n nílé bá ìṣirò mu. Ṣùgbọ́n ìpinnu náà ní ẹ̀yìn: bátànì ọkọ̀ wà ní Luton.

Ẹ̀kọ́ tí Amẹ́ríkà ti kọ́ ṣáájú

Àwọn ará Detroit ti ja ìjà yìí ní àádọ́ta ọdún ṣáájú Àpápá. Nígbà tí Henry Ford dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1903, òun gan-an kò ṣe ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń jẹ́ Dodge ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì, gíáàbọ́ọ̀sì àti ṣásí fún un. Ford ń so wọ́n pọ̀, ó ń tà. Èyí jọ ohun tí Àpápá ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Ford kò dúró síbẹ̀. Bó ṣe ń rí owó ló ń gba iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé. Nígbà tí Model T jáde ní 1908, tí ilé iṣẹ́ Highland Park ṣí ní 1910, tí ọ̀nà ìtọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ lọ bá òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1913, ohun tó ń rà lọ́wọ́ Dodge ti ń dín kù. Ní 1914, àwọn Dodge lọ dá ọkọ̀ tiwọn sílẹ̀.

Síṣe gbogbo nǹkan nílé mú kí owó Model T wálẹ̀, ó sì tún di ẹ̀wọ̀n. Gbogbo ẹ̀rọ tí Ford rà ló ṣe fún bátànì kan ṣoṣo, kò sì fẹ́ yí i padà. Nígbà tí ó yí i padà ní 1927, lẹ́yìn ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní láti ti ilé iṣẹ́ pa fún ọ̀pọ̀ oṣù kí Model A tó jáde. General Motors gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1919, ó ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Fisher Body, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́dì ọkọ̀, ó sì gba gbogbo rẹ̀ ní 1926. Pẹ̀lú bọ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè yí ojú ọkọ̀ padà lọ́dọọdún láì fọwọ́ kan ohun tó wà lábẹ́.

Nítorí náà, General Motors, ilé iṣẹ́ tó ni Bedford, mọ̀ dájú pé ibi tí bọ́dì wà ni agbára ìyípadà máa ń wà. Ṣùgbọ́n fún lọ́rì tó ń lọ sí òkèèrè, ó fi bọ́dì sílẹ̀ fún ẹni tó bá rà á. Ẹ̀bùn ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Àwọn káfíńtà wa ló gbà á.

Bọ́dì onígi

Oníbàárà tó bá fẹ́ lọ́rì nígbà náà lè ra ṣásí lásán: irin gígùn méjì, ẹ́ńjìnnì, táyà, bọ́ńẹ́ẹ̀tì àti pánẹ́lì iwájú awakọ̀. Ilé kò sí lórí rẹ̀. Yóò wà á báyìí lọ bá káfíńtà tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀.

Káfíńtà á tẹ́ igi ìdábùú tó le sórí ṣásí, á fi bóòtù dè é. Lórí rẹ̀ ni pákó ilẹ̀ yóò wà. Á gbé òpó kọ̀ọ̀kan nàró, á fi pákó há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé ìbàdí, á fi tàpólì bo òkè pákó náà kí òjò má bàa wọlé. Á to bẹ́ńṣì sínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni èrò ń gbà wọlé, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sì ni ẹni tó lówó díẹ̀ ń jókòó. Ayàwòrán á kun iwájú rẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ kí ayé kà. Bọ́lẹ̀kájà nìyẹn, ọkọ̀ tó gbé ìran kan láti Èkó dé Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Oǹdó.

Igi kò jìnnà. UAC fúnra rẹ̀ ló ni African Timber and Plywood ní Sápẹ́lẹ́, níbi tí wọ́n ti ń la igi tí wọ́n sì ń ṣe pákó alálẹ̀mọ́ra fún ọjà àgbáyé. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń kó irin wọlé ní Àpápá tó sì ń kó igi jáde ní Sápẹ́lẹ́. Ọwọ́ káfíńtà ni méjèèjì ti ń pàdé.

Ẹ wo bí àwọn káfíńtà náà ṣe ń yí bátànì padà. Ní àkókò kòkó, àwọn oníbàárà fẹ́ ààyè fún àpò, bẹ́ńṣì sì di ohun tí a lè yọ. Níbi tí ọ̀nà ti burú, wọ́n fi òpó kún òpó kí bọ́dì má bàa yẹ̀. Bí pákó kan bá ṣẹ́ lójú ọ̀nà, káfíńtà abúlé tó wà nítòsí lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ní láti kọ sí Luton. Oníbàárà sọ ìṣòro rẹ̀, ọ̀gá fi irin ìwọn wọ̀n ọ́n, ọmọ iṣẹ́ ré igi. Ọ̀nà tó wà láàárín ìṣòro àti ìyípadà kò gùn rárá.

Ṣùgbọ́n bọ́dì onígi ní àbùkù tó pa èèyàn. Nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, pákó máa ń fọ́, ó ń gún èrò. Ìwọ̀n iye ẹrù tí igi lè gbà kò sí lórí ìwé, ìdánwò kò sí, àwòrán iṣẹ́ kò sí. Ohun tí ọ̀gá mọ̀, orí rẹ̀ ló wà, ọmọ iṣẹ́ sì ń kó ìwọ̀nba tó bá rí lára rẹ̀. Bí ọ̀gá bá kú, ìdajì ìmọ̀ náà á bá a lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ilé iṣẹ́ Àpápá ní ìwọ̀n, ìwé, ẹ̀rọ àti ìdánwò, ṣùgbọ́n kò láṣẹ lórí bátànì. Káfíńtà ní òmìnira láti yí bátànì padà, ṣùgbọ́n kò ní ìwọ̀n àti ìwé. Ká ní ọwọ́ méjèèjì pàdé lábẹ́ òrùlé kan, ilẹ̀ wa ì bá ti ní bátànì bọ́ọ̀sì tirẹ̀, tó lágbára tó sì dáàbò bo èèyàn, ní ìdajì ọ̀rúndún sẹ́yìn.

2 Oṣù Kẹrin 1972

Ọjọ́ kan wà tí gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà nílò ìyípadà bátànì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2 oṣù kẹrin 1972, ìjọba pàṣẹ pé kí awakọ̀ fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, kí wọ́n máa rìn ní apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Faransé ṣe ń ṣe. Sítíárìn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ní láti bọ́ sí òsì nínú ọkọ̀ tuntun. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tó ń ṣí sí etí ọ̀nà tẹ́lẹ̀ wá ń ṣí sí àárín títì.

Ilé iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ kò lè gbé sítíárìn láti ọ̀tún sí òsì fúnra rẹ̀. Ó ní láti béèrè irú àpótí mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rìn ní ọ̀tún. Wẹ́dà àti pánẹ́lì bítà, ní tiwọn, gé ìhà kan bọ́ọ̀sì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn síbẹ̀, wọ́n sì dí ti àtijọ́. Bọ́lẹ̀kájà tí èrò ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìyípadà kankan. Àwọn tó ń ṣe bọ́dì fúnra wọn kò dúró de àpótí kankan láti òkèèrè.

Ìjọba gba iwájú

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì dé, ìjọba àpapọ̀ sì pinnu pé òun fúnra òun yóò mú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wá. Ní 1972 ni wọ́n bá Peugeot fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ilé iṣẹ́ Kàdúná ṣí ní oṣù kẹta 1975. Ní oṣù kan náà ni Volkswagen of Nigeria gbé Beetle àkọ́kọ́, ọkọ̀ tí a ń pè ní ìjàpá, jáde ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, tí kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin tún tẹ̀ lé wọn: Leyland ní Ìbàdàn, ANAMMCO ti Mercedes ní Enugu, Steyr ní Bauchi, Fiat ní Kano. Ilé iṣẹ́ Àpápá, tó jẹ́ ti oníṣòwò aládàáni, kò sí nínú mẹ́fà tí ìjọba yàn yìí. Ó ṣáájú wọn, síbẹ̀ ojú rere ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìlérí tí ìjọba ṣe fún aráàlú ni pé ohun tí a ń ṣe nílé yóò máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún: táyà, bátìrì, gíláàsì, ìjókòó, àwọ̀ ọkọ̀. Díẹ̀ ṣẹ lára rẹ̀. Nígbà náà, Dunlop ti ń ṣe táyà ní Ìkejà láti àwọn ọdún 1960, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Ṣùgbọ́n bọ́dì gbọ́dọ̀ ti ara irin pẹlẹbẹ jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta, wọn kò parí rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ nílò kò sì jáde láti ibẹ̀ rí. Nítorí náà, òkèèrè ni bọ́dì ṣì ti ń wá. Àpẹẹrẹ kan ni Igala, ọkọ̀ tí Volkswagen ń tò ní Ọ̀jọ́. Orúkọ rẹ̀ ti ilẹ̀ wa ni, ṣùgbọ́n Brasilia ni ọkọ̀ náà, àwọn ará Bràsíìlì ló ṣe bátànì rẹ̀ fún ọ̀nà tiwọn. Volkswagen ti Bràsíìlì láṣẹ láti ya ọkọ̀ tuntun. Volkswagen ti Nàìjíríà láṣẹ láti tò ó.

Ní àkókò kan náà, ìrìnnà Èkó ń béèrè bọ́ọ̀sì ńlá. Ìdáhùn wá láti ọwọ́ àwọn wẹ́dà. Wọ́n ra ṣásí ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911, wọ́n fi irin kọ́ bọ́dì sórí rẹ̀, ó di mólúè. Bí àwọn káfíńtà ti lo ṣásí Bedford ni àwọn wẹ́dà ṣe lo 911. Àṣeyọrí rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀ jọ ti bọ́lẹ̀kájà. Mílíọ̀nù èèyàn ló gbé lọ síbi iṣẹ́, láti Ajégúnlẹ̀ dé Ìdúmọ̀tà. Ṣùgbọ́n ṣásí ẹrù ni: sípíríìngì rẹ̀ le, ilẹ̀ rẹ̀ ga, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ń fìyà jẹ arúgbó àti aboyún. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣásí kò bá àwọn tó ń ṣe bọ́dì jókòó. Àwọn tó ń ṣe bọ́dì kò sì ní ẹni tó máa bá wọn béèrè ṣásí tó rẹlẹ̀.

Ọdún tí ìdè náà já

Ní 1986, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tó fi hàn pé àṣẹ kò sí lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà gẹ́gẹ́ bí ara ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP, náírà sì pàdánù ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ lọ́jọ́ títà àkọ́kọ́. Gbogbo àpótí CKD di ọ̀wọ́n lójijì. Ilé iṣẹ́ tó ń ra gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè kò ní ibi ìsápamọ́sí. Oníbàárà yí ojú sí tòkunbọ̀, èbúté Àpápá àti Tin Can sì di ọ̀nà tí ọkọ̀ àlòkù ń gbà wọlé.

Ìkejì kò ti Abuja tàbí Èkó wá rárá. General Motors pinnu láti jáwọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá Bedford; ní 1987 ni wọ́n ta ilé iṣẹ́ Dunstable fún ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ AWD. Ọkọ̀ tí gbogbo mẹ́káníìkì wa mọ̀, tí ọ̀nà wa ti dán wò láti ìran dé ìran, parí ní ìpàdé tí kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ Àpápá di General Motors Nigeria, pẹ̀lú Isuzu ti Japan. Bátànì mìíràn, àpótí mìíràn, ètò kan náà.

Àwọn mìíràn lè sọ pé bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn. Íńdíà fi hàn pé ó wà. Ní 1954, ilé iṣẹ́ Tata bá Daimler-Benz ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti máa ṣe ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes ní Jamshedpur. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gba ẹ̀yà ara tuntun wọlé, tí wọ́n ń kọ́ àwọn tí yóò máa ya bátànì. Nígbà tí àdéhùn parí ní 1969, wọ́n yọ àmì ìràwọ̀ Mercedes, wọ́n fi orúkọ Tata síbẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń bá a lọ. Òótọ́ ni pé Tata ní irin tirẹ̀, ọjà Íńdíà sì tóbi. Síbẹ̀, ohun tó ya Jamshedpur sọ́tọ̀ sí Àpápá wà nínú ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀: ó ní ọjọ́ tí yóò parí, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, bátànì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn onílé.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Ní 2013, ìjọba tún gbé ètò ọkọ̀ mìíràn jáde, ó fi owó ibodè tó ga lé ọkọ̀ tó ti parí, ó sì dín ti ẹ̀yà ara kù. Ìṣirò kan náà tó mú UAC wá sí Àpápá ló wà nínú rẹ̀, ewu kan náà sì wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá kó ọkọ̀ wọlé láìtú u tán, tó sì so táyà àti bátìrì mọ́ ọn, ń rí èrè ètò náà láìfi ìmọ̀ kankan sílẹ̀. Ní ìhà kejì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Innoson ní Nnewi, tó ṣí ní 2010, ti ní ilé iṣẹ́ ike tirẹ̀ ní Enugu kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀, ó sì lè ṣe àwọn ẹ̀yà ike ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, bí Ford ti ṣe.

Ibi tí ọwọ́ tiwa tó l'Ékòó ni bọ́dì. Àwọn wẹ́dà, pánẹ́lì bítà, rewáyà àti káfíńtà tó wà ní Ajégúnlẹ̀ àti Mushin jẹ́ àtọmọdọ́mọ iṣẹ́ tó ti ń yí ọkọ̀ padà láti àkókò Bedford. Ó yẹ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń ra bọ́ọ̀sì tó ti parí láti òkèèrè, ra ṣásí bọ́ọ̀sì tó rẹlẹ̀, kí ó sì gbé bọ́dì rẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí lábẹ́ òrùlé tó ní ẹ̀rọ, ayàwòrán iṣẹ́ àti ilé ìdánwò. Kí àdéhùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilé iṣẹ́ òkèèrè sọ ẹ̀yà tí a ó gbà wọlé lọ́dọọdún àti ọjọ́ tí bátànì yóò di tiwa. Kí wọ́n kọ ohun tí àwọn ọ̀gá mọ̀ sílẹ̀ kí ó má bàa bá wọn wọlẹ̀.

Àwọn tó dá iṣẹ́ Àpápá sílẹ̀ ṣe ohun tó bá ìgbà wọn mu, wọ́n sì fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ wa lè to ọkọ̀ tó péye. Àwọn káfíńtà fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ wa lè ronú ọkọ̀ fún ọ̀nà tirẹ̀. Kí ìpinnu ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wa tó kàn bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kí á kọ́kọ́ béèrè ohun tí a ó máa ṣe fúnra wa, kí á tó béèrè ọkọ̀ tí a ó máa tò.